Màmá Tó Ń Fi "Ẹ" Bá Adìẹ Sọ̀rọ̀

Nínú ìwé ètò ìsìnkú Màmá, ní ojú ewé kẹrin, lábẹ́ àwòrán tí wọ́n ti wé gèlè búlúù, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èmi ni ọwọ́ ọ̀tún wọn nínú eré tí wọ́n ṣe kẹ́yìn." Irọ́ ni. Ṣómólú níbí ni a ti tẹ̀ ẹ́, lórí bébà tó ń dán, àwọn èèyàn sì ti gbé e lọ sílé wọn. Nígbà tí mo kà á sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì tẹrí ba bí ẹni tó ṣe ohun rere. Ojú ò tì mí nígbà yẹn. Ìgbà tí mo délé, tí mo bọ́ bàtà, tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, ni ìtìjú wá bò mí, kò sì tíì kúrò lára mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá Oǹdó ló tú mi fó. Ìyá Oǹdó ni aládùúgbò wa ní Bàrígà, ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí títì wa. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: "Mojí, o kàwé dáadáa. Ṣùgbọ́n o ò kà á tán."

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kà á tán.

Ọmọ Àmẹ́ríkà ni Màmá, ìyá tó bí bàbá mi. Èèyàn dúdú ni wọ́n, bíi tèmi bíi tiyín, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí àwọn ọmọ Bàrígà má pè wọ́n ní òyìnbó. Ìlú kan tó ń jẹ́ Kílífílándì ni wọ́n bí wọn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ eré orí ìtàgé, àwọn fúnra wọn náà ló sì ń darí rẹ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, lórí àga àwọn ọmọ kéékèèké tó jẹ́ pé bí àgbàlagbà bá jókòó sí i, orúnkún á dé àgbọ̀n. Eré mẹ́fà ni wọ́n ṣe lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ìkẹfà, ó ti di gbọ̀ngàn gidi, aṣọ ìkélé rẹ̀ pupa, ìwé ìròyìn sì gbé àwòrán wọn jáde. Bàbá wa àgbà, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé níbẹ̀. Wọ́n wo eré kẹrin lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin wọ́n lọ bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ wálé. Ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé ni.

Ìyá ọkọ wọn sọ wọ́n ní Tòkunbọ̀. Orúkọ tó dùn ni nígbà náà. Nígbà tí a ó fi dáyé, ọkọ̀ àlòkù láti ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo Èkó ń pè ní tòkunbọ̀, àwọn mẹkáníìkì ọ̀nà wa á sì máa fi wọ́n ṣàwàdà: "Màmá, ṣé ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?" Màmá á ní: "Ó ń ṣiṣẹ́, sà. Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ ọ́n wà."

Ohun tí gbogbo àdúgbò fi mọ Màmá ni "ẹ". Ìyá ọkọ wọn ló kọ́ wọn ní Yorùbá, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sì ni pé ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé, ìyàwó ò gbọdọ̀ pè é ní "ìwọ", ọmọ ọwọ́ ì báà jẹ́. Ni Màmá bá ń kí ọmọ oṣù mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pé: "Ẹ kú àárọ̀ o, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn pé ìyàwó òyìnbó mọ àṣà. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé sọ fún Màmá pé ó tó, pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbéyàwó, "ìwọ" ni kí wọ́n máa pè wọ́n. Màmá ò gbà. Wọ́n pe ọmọ bíbí inú wọn ní "ẹ". Wọ́n pe kọ̀ndọ́kítọ̀ ní "ẹ". Wọ́n pe adìẹ Ìyá Oǹdó ní "ẹ": "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lórí aṣọ tí mo sá." Adìẹ náà ò jẹ́ kúrò.

Ìyá Oǹdó ní tiwọn, kò sí "ẹ" kankan lẹ́nu wọn. Ní ìlú wọn, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kò sì sí àrífín kankan níbẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó síwájú ilé lọ́sàn-án, ọ̀kan ń pe gbogbo ayé ní "ìwọ", ìkejì ń pe gbogbo ayé ní "ẹ̀yin". Lọ́jọ́ kan, pásítọ̀ wa ń kọjá lọ, wọ́n di ọmọ wọn ọlọ́dún márùn-ún lọ́wọ́ mú. Ìyá Oǹdó kí pásítọ̀: "O kú ọ̀sán o. Ṣé dáadáa lo wà?" Màmá kí ọmọ: "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ṣé dáadáa lẹ wà?" Pásítọ̀ dúró, wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo Màmá. Ìyá Oǹdó ní: "Má da ara rẹ láàmú. A pín in ni."

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni Màmá o. Wọ́n lè jà! Ọkùnrin tó ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé Bàbá àgbà ní Ṣómólú gé etí ìwé àdúrà kan dànù, tòun ti ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Màmá fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, wọ́n dúró síwájú rẹ̀: "Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni yìí, òpònú pátápátá ni yín, sà! Ṣé ẹ ò lójú ni? Orí yín ò pé, sà!" Ọkùnrin náà kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á nílẹ̀ tó wà. Títí tó fi kúrò níbi iṣẹ́ ló ń sọ ọ́: "Wọ́n ti bú mi rí o, ṣùgbọ́n wọn ò bú mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ rí."

Gbogbo èèyàn ni àṣà yìí ń dùn mọ́ nínú, àfi èmi.

Mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá Palmgrove nígbà tí Màmá wá rí tíṣà mi. Ọmọ kíláàsì kìíní kan, pẹ́ńpẹ́ báyìí, ló ṣí géètì fún wọn. Màmá tẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an ni, mà." Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò láti ojú fèrèsé. Yéè! Odindi táàmù kan ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀ fún mi. "Ẹ̀yin ọmọ Àmẹ́ríkà, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ẹ ti jẹun, mà?" Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan, mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n máa pè mí ní "ìwọ", bíi ti àwọn ìyá àgbà gidi. Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn, "àwọn ìyá àgbà gidi". Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Màmá ò bínú. Wọ́n fi mí jókòó. Wọ́n ní bàbá tó bí àwọn, díákónì ni, irun orí wọn ti funfun, iṣẹ́ bàtà títúnṣe ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní ọmọ òyìnbó tí kò tíì ga tó tábìlì á wọ ṣọ́ọ̀bù, á pe bàbá àwọn ní "bọ̀ọ̀yì", bàbá àwọn á sì dá a lóhùn pé "Yẹ́sà". "Mo máa ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi gbé bàbá mi dúró," Màmá wí. "Kò sí irú ẹ̀ lédè wa. Ìgbà tí mo dé Abẹ́òkúta ni mo rí i. Lẹ́tà kan péré ni! Mo ní n ó máa fún gbogbo èèyàn, mi ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni kí n tó fún un." Wọ́n wá fọwọ́ pa mí lórí. "Ẹ má bínú, Mojí. Ìwọ yẹn ò sí lẹ́nu mi."

Mo pòṣé, mo sì wọlé lọ.

Nígbà tí wọ́n dé Èkó, eré méjì péré ni Màmá ṣe, èdè òyìnbó sì ni. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Wọ́n bímọ, wọ́n ń bá Bàbá àgbà ka ìwé tó ń jáde láti ilé ìtẹ̀wé kó má lábùkù. Lẹ́tà wá láti Àmẹ́ríkà pé kí wọ́n wá darí eré ní gbọ̀ngàn ńlá kan, wọn ò lọ. Tí a bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kọ̀wé mọ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tó ń wá sọ́kàn àwọn ò wá lédè òyìnbó mọ́, àti pé tó bá wá, àwọn fẹ́ kó wá ní Yorùbá.

Ó wá nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fádèyí. Ayé àwọn ṣọ́jà ni. Màmá àti Bàbá àgbà sọdá títì Ìkòròdú láìgba orí afárá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́jà kan sì ń dúró dè wọ́n lódì kejì. Ọmọdé ni, irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Ó nawọ́ sí Bàbá àgbà: "Ìwọ bàbá yìí! Kúnlẹ̀ síbẹ̀!" Bàbá àgbà, ẹni àádọ́rin ọdún, kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Kò sí ẹni tó ní kí Màmá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn, tàwọn ti báàgì lọ́wọ́, títí ọmọ náà fi ní kí wọ́n máa lọ. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé wa ni Bàbá àgbà ní: "Kíkúnlẹ̀ ò dùn mí. Ìwọ tó pè mí yẹn ló dùn mí." Wọ́n kú kí ọdún náà tó parí.

Nígbà tí ariwo wá ta pé àwọn ṣọ́jà ń padà sí bárékè, pé àwọn alágbádá ń gba ìjọba, Màmá ra ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́ta. Wọ́n kọ eré kan sínú rẹ̀, ní Yorùbá, àkọ́kọ́ nínú ayé wọn. Wọ́n pè é ní "Ìjókòó". Ṣọ́jà kan gba bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo tó wà ní ibùdókọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó, á mú un kúnlẹ̀. Ó mú àgbà kúnlẹ̀, ó mú aboyún kúnlẹ̀, ó mú ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ta ẹ̀pà kúnlẹ̀. "Ìwọ! Kúnlẹ̀! Dìde! Jókòó sílẹ̀!" Bó ṣe ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ yunifásítì láti Akọkà ló ṣe eré náà, Fẹ́mi ló ṣe ṣọ́jà. Iwájú ilé wa ni wọ́n ti ń dánra wò. Kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣèré á kọ́kọ́ gbá ibi tí wọ́n máa dúró sí, Màmá náà á gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà, Màmá á jókòó, wọ́n á kẹ̀yìn sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń darí eré. Fẹ́mi bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní: "Ojú mi tètè máa ń gba irọ́ gbọ́, sà. Etí mi kì í gbà á gbọ́."

Wọ́n tún ní àṣà kan tí wọ́n gbé wá láti Kílífílándì: wọn kì í fún òṣèré ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn títí di àárọ̀ ọjọ́ eré. Wọ́n ní òṣèré tó bá ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa parí, àtìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti máa ṣe bí ẹni tó ti délé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀, kó yé yín. Tíṣà eré kan láti Akọkà ṣèlérí pé òun á wá wò ó. Tó bá wù ú, wọ́n á gbé eré náà lọ sí gbọ̀ngàn tiwọn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n á fi ṣe é. Màmá ò tíì ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Àmẹ́ríkà. Wọn ò sọ pé ara wọn wà lọ́nà, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń fọ aṣọ funfun kan, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dọ̀tí.

Èmi ni mò ń tẹ ìwé eré náà ní ilé ìtẹ̀wé. Mo ti parí girama, mò ń dúró de yunifásítì. Kọ̀ǹpútà wa ìgbà náà ò mọ Yorùbá, kò lè fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, nítorí náà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, bírò ni mo fi ń to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré ni Màmá fún mi ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Àṣẹ ti dé pé kí ṣọ́jà padà sí bárékè. Ó ṣí fìlà. Gbogbo èèyàn ti lọ, ó ku ọmọ ẹlẹ́pà tó ṣì kúnlẹ̀. Ìlà márùn-ún ni ṣọ́jà ní láti sọ fún un: "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ dìde. Ẹ wá jókòó. Ibi yín nìyí. Kí lorúkọ yín?" Iná á kú. Eré parí.

Mo kà á, ara mi bù máṣọ. Mo ní, Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀! Ṣọ́jà tó ń sọ "ẹ" àti "mà" fún ọmọ ọdún mẹ́jọ? Mo ti pe àwọn ọ̀rẹ́ mi ìgbà girama wá wò ó. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú etí mi. "Ẹ̀yin ọmọ Àmẹ́ríkà, ẹ kú ìjókòó o."

Mo mọ ìtàn bàbá Màmá. Mo mọ ti Fádèyí. Ojú mi kọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́? Ṣùgbọ́n mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Jọ̀ọ́. Dìde. Wá jókòó. Ibi rẹ nìyí. Kí lorúkọ rẹ?" Mo to àmì sí i. Mo sọ fún ara mi pé mò ń gba Màmá lọ́wọ́ ẹ̀sín ni. Irọ́ ni o. Ara mi ni mò ń gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo pín in fún àwọn òṣèré, èmi ni mo bá Fẹ́mi kà á nínú yàrá ẹ̀yìn, bí Màmá ṣe ń to àga nínú gbọ̀ngàn àdúgbò tí a ti fẹ́ ṣe eré náà. Fẹ́mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní: "Mojí, ṣé ibi tó parí sí nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Eré náà dùn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n bú ṣọ́jà, ìyá kan tilẹ̀ ju bàtà lù ú. Màmá wọ aṣọ funfun, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, wọ́n kẹ̀yìn sí ìtàgé, wọ́n di ojú, wọ́n ń gbọ́. Èmi dúró lódì kejì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí n lè máa rán òṣèré létí. Ó wá kan ìparí. Fẹ́mi ṣí fìlà, ó wo ọmọ ẹlẹ́pà, ó ní: "Jọ̀ọ́. Dìde. Wá jókòó."

Màmá yíjú padà. N kò rí wọn kí wọ́n yíjú wo ìtàgé rí nígbà tí eré bá ń lọ. Wọn ò wo Fẹ́mi. Èmi ni wọ́n wò.

Iná kú. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nínú òkùnkùn yẹn, ohùn ọkùnrin kan béèrè pé: "Ó ti parí ni?" Ìgbà náà ni àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bẹ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ṣọ́jà ti ń sọ "dìde", tó ń sọ "jókòó". Ó tún pàṣẹ kan sí i ni.

Tíṣà Akọkà wá bá wa lẹ́yìn ìtàgé. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Eré náà wù mí. Ṣùgbọ́n ìparí yẹn, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bó ṣe wà náà ló ṣe parí." Fẹ́mi ní ohun tó wà nínú ìwé ni òun sọ, ó sì na ojú ewé náà sí Màmá. Màmá gbà á. Wọ́n kà á. Wọ́n rí àmì bírò tí mo fi ọwọ́ ara mi tò sí i. Gbogbo wọn wá ń wò mí. Ilẹ̀ ò lanu. Mo ní: "Bí Màmá ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́."

Màmá ká ojú ewé náà sí méjì. "Òótọ́ ni," wọ́n wí. "Èmi ni mo ṣì í kọ. Yorùbá mi ò tó. Ẹ má bínú, sà."

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: "Ẹ ti gbìyànjú, mà."

Ẹ ti gbìyànjú! Obìnrin tó kó eré mẹ́fà jáde ní Kílífílándì. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Eré náà ò lọ sí Akọkà. Ọdún mẹ́rìnlá ni Màmá tún lò láyé, wọn ò kọ ìlà kan mọ́. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé irọ́ mi wọ̀ bí aṣọ. Ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ ò kọ eré mọ́ ni?", ì báà ṣe níwájú mi, wọ́n á ní: "Yorùbá mi ò tó." Wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Wọn ò fi mí sun bàbá mi. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, wọ́n sìn mí dé géètì. "Ẹ kàwé yín dáadáa o, Mojí." Nígbà tí mo bímọ, wọ́n kí mi: "Ẹ kú ewu, mà." Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé n ó sọ ọ́ lọ́la.

Ìyá Oǹdó mọ̀ ní tiwọn. Lọ́jọ́ ìsìnkú ni wọ́n tó sọ fún mi pé Màmá ti ka ojú ewé náà fún àwọn kí wọ́n tó gbé e fún mi, pé àwọn jókòó ní ìlà iwájú lọ́jọ́ eré, tí àwọn ń dúró de "ẹ" yẹn. "Mo fẹ́ dìde kí n pariwo lọ́jọ́ náà," wọ́n ní. "Ó dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́yìn eré, ó ní ọmọdé ni ọ́, pé wàá wá sọ ọ́ fúnra rẹ."

Mo sọ ọ́. Ó kù díẹ̀ kí Màmá fi ayé sílẹ̀ ni. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú yàrá wọn ní Bàrígà. Wọn ò lè jókòó mọ́, ohùn wọn ti kéré. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní: "Màmá, ojú ewé ìkẹyìn yẹn, ẹ ò ṣì í kọ. Èmi ni mo yí i. Èmi ni mo yọ 'ẹ' kúrò, mo sì tún parọ́ mọ́ yín lójú gbogbo èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Màmá yíjú sí mi, bí wọ́n ṣe yíjú lọ́jọ́ náà.

"Mo mọ̀," wọ́n wí. "Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ìwọ ni."

Ìwọ. Ohun tí mo fi ẹkún bẹ̀ wọ́n fún ní ọmọ ọdún méjìlá nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé àìsàn ni, pé ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wọn lẹ́nu. Mo di èyí mú. Ìgbà náà ni Tẹni, ọmọ mi, wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi fún wọn, omi ń dà sílẹ̀. Màmá gba ife náà, wọ́n rọra gbé orí kúrò lórí pílò, wọ́n tẹrí ba fún un.

"Ẹ ṣé gan-an ni, mà," wọ́n wí fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tẹni.